Táàbù Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Páálí Kì Í Sọ

Páálí méjì ni wọ́n gbé síwájú ìyá náà lórí káńtà ní ọjà Farm Centre, nílùú Kánò. Ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé pé gbogbo ọmọ tó bá ń wọ JSS1 gbọ́dọ̀ ní táàbù tirẹ̀ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Gaàrí àti èlùbọ́ ni ìyá yìí ń tà ní Sábóngàrí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ lọ́sẹ̀ náà ni, owó tó fi oṣù mẹ́wàá dá sì wà nínú báàgì tó há sí abíyá.

Páálí àkọ́kọ́ ń dán yinrin. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ni wọ́n kọ sí i, wọ́n wá to nọ́ńbà jọ sábẹ́ orúkọ náà bí ẹni to àgbàdo sínú apẹ̀rẹ̀: RAM 16GB, àyè ìpamọ́ 512GB, deca-core, 5G, Android 14. Kíbọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, aago ọwọ́ wà níbẹ̀, ohun ìfigbọ́rọ̀ sétí náà wà níbẹ̀. Páálí kejì gbẹ bíi panla: Samsung Galaxy Tab A9, RAM 4GB, àyè 64GB, wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí i, ó parí. Owó tí wọ́n ń pè lórí èyí gbígbẹ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́.

"Màmá, èyí ni kẹ́ ẹ gbà," ni ọmọ Ọ̀fà tó ń tajà níbẹ̀ wí, ó fọwọ́ lu páálí tó ń dán. "Mẹ́rìndínlógún ju mẹ́rin lọ, àbí kò jù ú?"

Ó jù ú lóòótọ́. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ní ìyá náà kò nílò àmọ̀ràn kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń tún fóònù ṣe, ló tẹ̀lé e wá sọ́jà, ọmọ náà kò sì wo nọ́ńbà kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọpọlọ wo ló wà nínú rẹ̀?" Ọlọ́jà ní deca-core ni, mẹ́wàá gbáko. "Orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè, kì í ṣe iye rẹ̀." Ọlọ́jà yí páálí náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Wọn kò kọ orúkọ kankan sí i.

Ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú. Ọpọlọ táàbù, èyí tí wọ́n ń pè ní processor, ló ń ṣe gbogbo ìṣirò tó wà lẹ́yìn ohun tí ojú ń rí: kí ìwé ṣí, kí fídíò máa lọ, kí ọ̀rọ̀ jáde bí ìka ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Kọ́ọ̀ ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ quad-core sára páálí, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń wí. Octa-core jẹ́ mẹ́jọ, deca-core jẹ́ mẹ́wàá. Ohun tí páálí kì í sọ ni irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ́.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ebè kíkọ, èèyàn mẹ́jọ á yá ju èèyàn méjì lọ, kálukú á mú poro tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀pẹ kan ṣoṣo tó ga fíofío, akọpẹ kan ló máa gùn ún, àwọn méje yòókù á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á máa wòkè. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí èèyàn ń fi táàbù ṣe, ọ̀pẹ ni, kì í ṣe ebè. Kí áàpù ṣí, kí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì jáde, kí ohun tí ìka tẹ̀ dáhùn: kọ́ọ̀ kan tàbí méjì ló máa ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Bí akọpẹ ọ̀hún kò bá lágbára, kí wọ́n kó ogún irú rẹ̀ wá, ọ̀pẹ kò ní tètè gùn.

Àwọn kọ́ọ̀ yìí ní orúkọ, orúkọ wọn kò sì le. Ilé iṣẹ́ Arm tó wà ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ya àwòrán èyí tó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo táàbù Android. MediaTek ti Taiwan, Unisoc ti Shanghai, Allwinner ti Zhuhai àti Rockchip ti Fuzhou á gba àṣẹ láti lo àwòrán náà, wọ́n á fi ṣe ṣíípù tiwọn, bí télọ̀ mẹ́rin ṣe lè fi àwòrán kan náà gé ẹ̀wù mẹ́rin. Cortex-A53, tí Arm kéde lọ́dún 2012, kọ́ọ̀ kékeré ni. Wọ́n ṣe é kó má máa jẹ bátìrì. Cortex-A55 tó dé lọ́dún 2017 ló rọ́pò rẹ̀, kékeré ni òun náà. Cortex-A75 ti ọdún 2017 àti Cortex-A76 ti ọdún 2018, àwọn ni akọpẹ gidi. Èrò àwọn tó ṣe wọ́n ni pé kí ńlá àti kékeré jọ máa gbé nínú ṣíípù kan, kí àwọn kékeré máa ṣe wẹ́wẹ́ iṣẹ́, kí àwọn ńlá dìde bí ẹrù bá wúwo. Àmọ́ kọ́ọ̀ ńlá ń náni lówó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nọ́ńbà tó tóbi sára páálí láìnáwó púpọ̀ á kó kékeré mẹ́jọ jọ, á sì pè é ní octa-core. Irọ́ kọ́. Kò kàn sọ èyí tó yẹ kó sọ nínú òótọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere, kó gbé táàbù Samsung méjì síra wọn. Galaxy Tab A7 Lite jáde lọ́dún 2021, Galaxy Tab A9 jáde lọ́dún 2023. Íǹṣì 8.7 ni ojú àwọn méjèèjì, àwòrán orí wọn sì dọ́gba ní 1340 × 800. Octa-core ni wọ́n, àwọn méjèèjì. Nínú A7 Lite, MediaTek Helio P22T ló wà níbẹ̀, gbogbo kọ́ọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló jẹ́ Cortex-A53, èyí tó yára jù nínú wọn sì ń sáré dé 2.3GHz. Nínú A9, Helio G99 ni: Cortex-A76 méjì, Cortex-A55 mẹ́fà, èyí tó yára jù ń sáré dé 2.2GHz. Ẹni tó bá ń fi páálí ṣèdájọ́ á ní A7 Lite ló yá jù, torí 2.3 ju 2.2 lọ. Nígbà tí wọ́n bá sì fi Geekbench, áàpù tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rọ, wo kọ́ọ̀ kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, agbára A9 ju ìlọ́po méjì ti A7 Lite lọ. GHz ń ka iye ìgbà tí akọpẹ ń gbé ẹsẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò ka bí ìgbésẹ̀ náà ṣe gùn tó.

Àárín méjì yìí àti ìsàlẹ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ táàbù olówó pọ́ọ́kú ń gbé. Allwinner A133 jẹ́ A53 mẹ́rin péré. Unisoc SC9863A jẹ́ A55 mẹ́jọ láìní ńlá kankan. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Unisoc T606 ní A75 méjì tó ń sáré dé 1.6GHz àti A55 mẹ́fà. Kò yára bíi G99, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti èyí tí kò ní ńlá rárá, ọmọ ọdún méje á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ti deca-core, ó wà lóòótọ́. MediaTek ta Helio X20 lọ́dún 2016, Samsung náà sì fi Exynos 2400 sínú fóònù olówó ńlá rẹ̀ lọ́dún 2024. Ẹni tó bá rí i lára táàbù tuntun tí owó rẹ̀ kò tó owó bàtà, kó fura.

Nọ́ńbà mìíràn tún wà tí páálí kì í sábà kọ, òun ni bí wọ́n ṣe ya iṣẹ́ orí ṣíípù náà wẹ́wẹ́ tó. Nanometer ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. SC9863A jẹ́ 28, T606 jẹ́ 12, G99 jẹ́ 6. Bó bá ṣe ń kéré sí i ni iná tó ń jẹ ń dín kù, tí ara rẹ̀ kì í sì í tètè gbóná. Fún ẹni tí iná ìjọba ń wá bá nílé fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ló ń gbọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Táàbù tó bá gbóná jù á dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà bàjẹ́. Nínú ooru Kánò, lóṣù kẹrin ọdún, ọmọ á jókòó tì í, á máa bú íntánẹ́ẹ̀tì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀tàn tó wà nídìí RAM tún ju ti ọpọlọ lọ. RAM dà bí orí tábìlì tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, àyè ìpamọ́ dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Tábìlì tó bá fẹ̀ á gba ìwé márùn-ún kan náà. Èyí tó kéré, bí wọ́n bá gbé ìwé kejì lé e, àkọ́kọ́ á bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ á ṣe kúrò lórí ìwé ìṣirò lọ dáhùn ọ̀rọ̀ olùkọ́ lórí WhatsApp, tó bá padà, ìwé náà á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Àwọn tó ń ṣe táàbù wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n á ya apá kan kọ́bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀, wọ́n á sì pè é ní tábìlì. RAM 4GB á di 12GB, lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ páálí á sì sọ pé 4+8 ni. Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí kọ́bọ́ọ̀dù kì í yára bíi tábìlì láéláé, pàápàá irú àyè ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní eMMC, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú olówó pọ́ọ́kú. Nọ́ńbà tó ṣáájú àmì ìròpọ̀ ni òótọ́. Láti orí Android 13, Google kò gbà kí ẹ̀rọ tuntun tí RAM rẹ̀ kò tó 2GB lo Android Go pàápàá, ìyẹn Android fífúyẹ́ tó ṣe fún ẹ̀rọ kékeré. 2GB nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ wà láàyè. 4GB ni ti ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́.

Èyí tó burú jù ni irọ́ pọ́ńbélé. Àwọn kan wà tí wọ́n á yí ètò inú táàbù padà, débi pé bí èèyàn bá wọ Settings lọ, 16GB àti 512GB ló máa rí níbẹ̀, Android 14 ló máa rí, nígbà tí 2GB, 32GB àti Android àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni áàpù bíi CPU-Z, ó sì máa ń sọ orúkọ ọpọlọ àti irú kọ́ọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣòro díẹ̀ láti tàn án ju Settings lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń gbìyànjú. Ẹ̀rí tí kò ṣe é yí ni pé kí wọ́n kó fíìmù sínú rẹ̀ títí á fi kún. Táàbù tó ní òun gba 512GB, tó kọ oúnjẹ ní ogún, ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé owó kékeré fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dún 2015, Amazon gbé táàbù Fire jáde ní $49.99. Wọ́n tiẹ̀ ń tà á ní mẹ́fà-mẹ́fà fún ẹni tó bá san owó márùn-ún, bí ẹni ń ta ẹyin. Ọpọlọ MediaTek oní-Cortex-A7 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, RAM 1GB, àyè 8GB. Aláìlágbára ni, Amazon kò sì fi bò. Ohun tó mú owó rẹ̀ wálẹ̀ ni pé Amazon fẹ́ kí ẹni tó rà á máa ra ìwé àti fíìmù lọ́wọ́ òun, ìpolówó ọjà sì ń hàn lójú táàbù náà kí wọ́n tó ṣí i. Ilé ìtajà áàpù ti Google kò sí nínú rẹ̀, ti Amazon nìkan ni. Ẹni tó mọ gbogbo èyí kó tó rà á kò rí ìjà jà. Nítorí náà, níwájú táàbù tí owó rẹ̀ ti kéré jù, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí òbí bi ara rẹ̀: ta ló ń san ìyókù?

Ìdáhùn rẹ̀ kì í dára nígbà mìíràn. Lọ́dún 2023, ilé iṣẹ́ HUMAN Security ní Amẹ́ríkà tú àṣírí iṣẹ́ ibi kan tí wọ́n pè ní BADBOX. Ẹ̀rọ Android olówó pọ́ọ́kú ni, àpótí tẹlifíṣọ̀n ló pọ̀ jù nínú wọn, táàbù náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi kòkòrò sínú wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n. Kòkòrò náà ń tẹ ìpolówó ní ìkọ̀kọ̀ láti fi pa owó fún àwọn ọ̀daràn, ó sì ń ṣílẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì onílé fún àjèjì láti gbà kọjá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, FBI tún kìlọ̀ nípa ìran rẹ̀ kejì. Dátà tí ìyá ń rà fún ọmọ láti fi kàwé lè jẹ́ pé àlejò tí kò mọ̀ rí ló ń bá ọmọ jẹ ẹ́. Àyẹ̀wò tó ń ranni lọ́wọ́ kò gba ìṣẹ́jú kan: kí wọ́n ṣí Play Store, kí wọ́n tẹ àwòrán kékeré tó wà lókè, kí wọ́n lọ sí Settings, lẹ́yìn náà About. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bóyá Google fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà tàbí kò fọwọ́ sí i.

Àwọn ìjọba pàápàá ti kọ́gbọ́n nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2011, ìjọba Íńdíà gbé táàbù Aakash jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí ìjọba bá wọn san lára owó rẹ̀, nǹkan bíi $35 ló kù. Ariwo rẹ̀ gba ayé. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọpọlọ 366MHz àti RAM 256MB kò lè ru ẹrù tí wọ́n gbé lé e, ojú rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi agbára tẹ̀ kó tó gbọ́. Ọdún kejì ni Aakash 2 dé pẹ̀lú ọpọlọ tó sàn jù ú lọ, àmọ́ orúkọ ti bàjẹ́.

Lọ́dún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama àgbà. Wọn kò ṣe é fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé 56 lórí iṣẹ́ 17 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Àwọn èèyàn fa ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ná lé e lórí títí, ìyẹn sì ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní ti ẹ̀rọ, ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ yè kooro: iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, ìyẹn ìwé kíkà àti ìdánwò, kí wọ́n tó wá ẹ̀rọ tó máa ṣe é. Ìwé tó ti wà nínú táàbù kò wúwo, ọpọlọ kékeré á ṣí i.

Ibẹ̀ ló yẹ kí òbí lónìí náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé kíkà nìkan ni ilé ìwé ń fẹ́, ọpọlọ oní-A53 mẹ́rin àti RAM 2GB á ṣe é, bí wọ́n bá ṣáà tà á ní owó tó tọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ orí fídíò, Google Classroom, kí ọmọ máa gbọ́ olùkọ́ kó sì máa kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, kó má lọ sísàlẹ̀ T606 àti 4GB. G99 ni fún ọmọ tó ń yàwòrán tàbí tó ń kọ́ iṣẹ́ fídíò. Fíìmù ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: táàbù tí àṣẹ Widevine rẹ̀ jẹ́ L3 kò ní fi àwòrán Netflix tó mọ́ kedere hàn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó, L1 ni kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwé tó fi Netflix sí lẹ́tà.

Ọ̀nà kẹta tún wà, òun ni tokunbo. iPad ọdún 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní ìran kẹfà, ní ọpọlọ A10 Fusion tí Apple ṣe lọ́dún 2016. Kọ́ọ̀ ńlá méjì, kékeré méjì, mẹ́rin péré. Ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ octa-core tuntun sẹ́yìn. Apple ń tún ètò inú rẹ̀ ṣe títí dé iPadOS 17 ti ọdún 2023. Ọdún márùn-ún gbáko nìyẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ táàbù aláìlórúkọ kì í rí àtúnṣe kankan láti ọjọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Àmọ́ iPadOS 18 kò gbà á mọ́, áàpù tuntun á sì máa kọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti gbó. Ewu tó tún wà nínú iPad tokunbo ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ilé ìwé òkèèrè wá, àṣẹ ilé ìwé náà sì lè wà lórí rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ láti tún un tò, á ní kí wọ́n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ní kí ọlọ́jà pa inú rẹ̀ rẹ́ lójú òun, kó tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó mú owó jáde.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ èyí tó wọ́n ni kí èèyàn pín owó sí oṣù. Ká ní táàbù kan jẹ́ ₦60,000, tó sì sú ọmọ láàárín ọdún kan, ₦5,000 ló ná ilé náà lóṣù. Ká ní òmíràn jẹ́ ₦120,000, tó sì bá ọmọ dé SS1, ìyẹn ọdún mẹ́ta, kò tó ₦3,400 lóṣù. Ìṣirò yìí dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ju ₦60,000 lọ kò lè fi ìṣirò ra ọjà, ọlọ́jà tó sì ń fi nọ́ńbà ńlá fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ní Farm Centre, ọmọ náà ní kí wọ́n tan èyí tó ń dán. Ọlọ́jà ní bí wọ́n bá ti já síìlì rẹ̀, wọ́n ti rà á nìyẹn.

"Aṣọ tí mo máa fi ₦2,000 rà, wọ́n á jẹ́ kí n gbé e lé àyà wò," ni ìyá náà wí. "Ẹ tan tiyín fún wa, èyí tẹ́ ẹ gbé sílé láti fi hàn."

Wọ́n tan án. Ọmọ náà fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ara rẹ̀ gba CPU-Z sínú rẹ̀. Kọ́ọ̀ mẹ́rin ló jáde, Cortex-A53. RAM rẹ̀ kò pé 2GB. Play Store ní Google kò fọwọ́ sí i. Ọlọ́jà náà tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ojú sì tì í, torí kò jọ pé òun gan-an mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Bí wọ́n ṣe gbé e wá fún wa látòkè òkun nìyẹn, Mọ́mì," ló kàn lè sọ.

Ìyá náà wo A9. Owó rẹ̀ wà nínú báàgì, ṣùgbọ́n bó bá san án, àpò èlùbọ́ tó fẹ́ rà lọ́jọ́ Mọ́ńdè ti lọ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì sọ pé kó rà á. Ó bi ọlọ́jà bóyá wọ́n ní èyí tó ní T606. Wọ́n ní in, abẹ́ káńtà ló wà, 4GB àti 64GB, páálí rẹ̀ kò ní àwòrán kankan. Ó gbé e jáde síta nínú oòrùn kó lè mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ṣeé kà. Ó ṣí ìwé ìṣirò JSS1 lórí rẹ̀, ó yí i dé ojú ìwé ogójì. Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin lórí WhatsApp, fídíò, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nípa ìgbéyàwó kan tí kò kan táàbù rárá. Nígbà tó padà sórí ìwé, ojú ìwé ogójì náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn táàbù: ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò gbóná.

"Aago ọwọ́ ńkọ́?" ni ìyá náà béèrè.

"Kò sí aago nínú ìyẹn, Àǹtí."

Ó san owó, iye tó wà láàárín páálí méjì àkọ́kọ́, ó sì fi ṣéńjì ra ìbòrí rọ́bà àti gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà tú páálí lẹ́yẹ-ò-sọkà, ó tan án, ó sì béèrè gẹ́ẹ̀mù tó wà nínú rẹ̀.